Ìdáhùn Tí Bàbá Àgbà Mi Kọ Lórí Ẹran Iléyá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìtàn ẹni mímọ́ ni mo fẹ́ sọ: bàbá àgbà mi máa ń bínú. Wọn kì í pariwo, wọn kì í nawọ́ sí èèyàn, àmọ́ tí inú bá ń bí wọn, wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á máa nù ún, wọ́n á máa nù ún, títí gbogbo ẹni tó wà nílé á fi rí nǹkan wá ṣe lẹ́yìnkùlé. Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé onísùúrù ni wọ́n. Mo máa ń ní ẹ ṣeun. Èmi tí mo bá wọn gbé ọdún mẹ́rin mọ̀ pé wọn ò bí sùúrù mọ́ wọn. Wọ́n kọ́ ọ ni, wọ́n sì ń gbàgbé ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà ni wọ́n. Wọ́n kọ́ ọmọ ní Ayépé, wọ́n kọ́ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Ìjọ ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní kí wọ́n máa dáhùn ìbéèrè nínú ìwé ìròyìn tí ìjọ wa ń tẹ̀ lóṣooṣù. Ojú ewé kejì láti ẹ̀yìn ni tiwọn, "Ẹ Béèrè" ni àkọlé rẹ̀. Àpótí onígi kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn èèyàn ń ju ìwé sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ á kọ ọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ á fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́.

Ẹ má dá wọn lóhùn. Bàbá mọ ọwọ́ ìkọ̀wé gbogbo wọn. Ìdajì ìjọ ló ti jókòó sí kíláàsì wọn rí, Bàbá ló sì di ọwọ́ púpọ̀ nínú wọn mú nígbà tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ a, b, d. Láràárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tí wọ́n bá ti kó ìwé dé láti inú àpótí, wọ́n á tẹ́ wọn sórí tábìlì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín sínú. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ta ló kọ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n yí i dojú dé. Wọ́n ní, "Orúkọ ló fi pa mọ́. Kò fi ìṣòro rẹ̀ pa mọ́, ìṣòro yẹn ni wọ́n sì gbé lé mi lọ́wọ́."

Ẹ ò lè mọ irú ìbéèrè tí àwọn Kristẹni Ìjẹ̀bú ní nínú. Ẹnì kan kọ̀wé pé òun máa ń jẹun lójú àlá, irú ààwẹ̀ wo ni kí òun gbà? Bàbá dáhùn pé kó jẹun dáadáa kó tó sùn, kó sì gbàdúrà lórí oúnjẹ náà. Ẹlòmíràn ní òun ń gbààwẹ̀, gààrí nìkan lòun mu lọ́sàn-án, ṣé ààwẹ̀ òun ti bàjẹ́? Ìyẹn ni wọ́n fi ń pa àwọn akọrin lẹ́rìn-ín títí dòní, torí Bàbá kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé, "Gààrí Ìjẹ̀bú, oúnjẹ ni. Ti ibòmíràn ni mi ò lè sọ."

Bàbá Onídùùrù ńkọ́? Àwọn ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn àti Bàbá jọ wà ní ilé ìwé kan náà ní kékeré, wọn ò sì tíì parí ìjà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ju ìwé kan náà sínú àpótí: ta ni ìyàwó Kéènì, ibo ló sì ti rí i fẹ́? Ọwọ́ tiwọn dúró ṣánṣán, kò tẹ̀ sọ́tùn-ún, kò tẹ̀ sósì. Lọ́dún tí ó sú Bàbá pátápátá, wọ́n fèsì nínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tó ń béèrè lọ bá ìyàwó tirẹ̀ jẹun nílé ná, ó ti ń wá ìyàwó oníyàwó pẹ́.

Ṣùgbọ́n wọn kì í fi gbogbo ìbéèrè ṣeré. Ìyá kan kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí kú, kí ni òun ṣe tí Ọlọ́run fi bínú sí òun? Kò kọ orúkọ. Bàbá mú ìwé yẹn, wọ́n kà á, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó jáde nínú ìwé ìròyìn oṣù yẹn kò ju ìlà méjì lọ: "Ìbéèrè kan dé tí mi ò ní dáhùn níbí. Ìyá tó kọ ọ́, mò ń bọ̀ nílé yín lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè." Wọ́n lọ ní Wẹ́sìdeè náà, wọ́n lọ ní Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì lọ títí ọdún fi yí po. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sọ fún un. Wọ́n ní, "Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ń jókòó."

Òfin kan wà tí wọ́n gbé ka ara wọn lórí, gbogbo ìtàn mi sì dá lórí ọjọ́ kan tí wọ́n rú u. Wọn kì í dáhùn ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó bá dé. Wọ́n á fi ìwé náà sáàárín Bíbélì wọn, á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje. Láàárín ọjọ́ méje yẹn wọ́n á ti kà síwájú, wọ́n á ti kà sẹ́yìn, wọ́n á ti bi ara wọn pé kí ló ń dun ẹni yìí gan-an. Mo fẹ́ kí wọ́n yára nígbà kan torí mo mọ ẹni tó ń retí èsì. Wọ́n ní, "Bí ìbéèrè ò bá sùn, ìbínú mi ni yóò dáhùn rẹ̀."

Ó yá, kí n sọ̀rọ̀ Màmá Àlájà.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún ju Bàbá lọ. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge, wọ́n fẹ́ Mùsùlùmí kan tó ń ta aṣọ, wọ́n bá ọkọ wọn kírun, wọ́n lọ sí Mẹ́kà, wọ́n bí ọmọ, wọ́n sin ọkọ. Ilé wọn ò jìnnà sí tiwa, téèyàn bá rìn ín, kò ní làágùn. Nígbà tí Bàbá wà ní kékeré tí egbò mú wọn lẹ́sẹ̀, Àlájà ló ń gbé wọn pọ̀n lọ sí ilé ìwé, tí Àlájà fúnra wọn á wá padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò ṣe di tíṣà tí ẹ̀gbọ́n ò sì mọ̀wé. Àwọn òbí wọn ti kú, ìyá àgbà mi náà ti kú. Kò sí ẹlòmíràn lókè eèpẹ̀ tó tún ń pe Bàbá ní Àkànní.

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti pa àgbò Iléyá tán, Àlájà á gé apá kan, wọ́n á gbé e sínú abọ́ tánganran, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àbúrò wọn. Tó bá di Kérésì, Bàbá á fi adìyẹ àti ìrẹsì ránṣẹ́ padà. Wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí màmá mi.

Mo wà ní ọdún kejì ní Ìjagun, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, nígbà tí Àlájà ní kí n jókòó ti àwọn lọ́jọ́ Jímọ̀ kan.

"Bùsọ́lá, ṣé o lè bá mi kọ ìwé kan, kó má hàn sí ẹnikẹ́ni?"

"Ta lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí, Màmá Àlájà?"

"Àkànní."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣebí fóònù wà, ṣebí ilé náà nìyí. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní obìnrin kan tó wá ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ló sọ pé àwọn kan ń kùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, pé ẹni tó ń kọ́ni ní Bíbélì ń jẹ ẹran Iléyá nílé rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹran mi kó ìtìjú bá a. Tí mo bá bi í lójúkojú, á ní kò sí nǹkan kan, torí èmi ni. Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni kó ti sọ òótọ́ fún mi."

Mo kọ ọ́. Ìlà kan péré ni: ṣé ó burú kí Kristẹni jẹ ẹran Iléyá tí ẹbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i? Nítorí Bàbá mọ ọwọ́ mi bí wọ́n ṣe mọ ojú mi, mo fi ọgbọ́n sí i. Mo jẹ́ kí gbogbo lẹ́tà náà dúró ṣánṣán. Ọkàn mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọjọ́ Sátidé ni mo jù ú sínú àpótí. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá àti Bàbá Onídùùrù tahùn síra wọn ní ìpàdé àwọn àgbà lórí orin tí wọ́n ó kọ nígbà ìkórè. Orin ni wọ́n ń bá bọ̀ tí Bàbá Onídùùrù fi ní kí ẹni tó ń tọ́ gbogbo ayé sọ́nà lọ yẹ inú ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀ wò lásìkò Iléyá. Nígbà tí Bàbá délé, wọ́n nu awò ojú títí a fi jẹun tán. Ẹ wá wò ó, ní àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n tú ìwé àpótí sílẹ̀, wọ́n rí ìbéèrè ẹran Iléyá, lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Ìwé yẹn ò dé inú Bíbélì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dáhùn rẹ̀. Mo wà nílé, mo rí wọn tí wọ́n ń kọ̀wé, mo sì gbé tíì fún wọn. Inú mi ń dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ rere ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbọ́n wọn.

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, èmi náà ni mo gbé e lọ fún Àlájà. Mo ti kà á lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ fo ibi tó le. Wọ́n ní, "Kà á bó ṣe wà." Mo kà á. "Ó burú. Ẹni tó mọ Ọlọ́run tó ń sìn kì í jẹ nídìí tábìlì méjì. Bí wọ́n bá gbé e wá, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe èyí, kó yéé yọ àwọn ará lẹ́nu."

Àlájà ní, "Ó dáa. Ó ti sọ òótọ́." Wọn ò bínú, ìyẹn ló wá pa mí. Wọ́n gbà á bí ẹni gba ìwé dókítà. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn ni àwọn béèrè, èmi náà sì pa ẹnu mọ́. Ojo ni mí nígbà yẹn.

Iléyá dé. Bàbá wọ bùbá funfun, wọ́n gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹni tó ní ó burú. Wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé nítorí Bàbá Onídùùrù ni àwọn ṣe kọ ìdáhùn yẹn, kó lè mọ̀ pé àwọn ò ní tìtorí ìkòkò ọbẹ̀ tẹ Ìwé Mímọ́ wọ́. Àlájà ò mọ̀wé kà, Bàbá sì rò pé kò ní dé etí wọn láé. Wọ́n retí abọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ̀bà àti ẹja ni a jẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n rán mi lọ wò ó bóyá ara Àlájà ò yá, iṣẹ́ tí Àlájà rán mi padà ni pé ara àwọn le, kí n bá àwọn kí Àkànní.

Kérésì ni gbogbo rẹ̀ wá tú. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé adìyẹ àti ìrẹsì lọ. Àlájà ò ṣí i. Wọ́n dìde tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́ padà. "Bí tèmi ò bá ṣeé jẹ fún un, ó yẹ kí n mọ̀wọ̀n ara mi nídìí tirẹ̀. Dá a padà fún un, Bùsọ́lá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o."

Mo gbé abọ́ náà délé, mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi. Bàbá wo abọ́, wọ́n wò mí.

"Pẹ̀lú ọ̀wọ̀? Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn?"

Mo kúnlẹ̀. Omijé ti ń dà lójú mi. Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ ìbéèrè ẹran Iléyá. Màmá Àlájà ló rán mi. Mo dọ́gbọ́n sí ọwọ́ mi kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ ọ́n."

Wọ́n máa ń kó gbogbo ìwé àtijọ́ pa mọ́ sínú páálí. Wọ́n wá èyí jáde, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n wò ó pẹ́. Mo ń retí pé wọ́n á bọ́ awò ojú wọn, wọn ò bọ́ ọ. "Mo rò pé Onídùùrù ni," wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi ń fi pẹ̀lẹ́ bi mí ní ìbéèrè, mo nà wọ́n lẹ́gba." Wọ́n fi ìwé náà sínú Bíbélì, wọ́n pa á dé.

Fún ọjọ́ méje, ìwé náà wà nínú Bíbélì. A ṣe ìsìn ọdún tuntun, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Àlájà ti pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún nígbà náà, Bàbá ti pé ọgọ́rin, kì í sì í ṣe irú ọjọ́ orí téèyàn lè máa fi ìjà sílẹ̀ di ọ̀la. Bí ọ̀kan bá kú báyìí, ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà á bàjẹ́ sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní, "Dìde, ká lọ."

Nígbà tí a débẹ̀, Àlájà àti ìyàwó ọmọ wọn fẹ́ jẹun. Bàbá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì. Ẹni ọgọ́rin ọdún.

"Àkànní, dìde. Egungun ẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ìbínú dá yín lóhùn. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń béèrè."

"Ṣé ìdáhùn á wá yàtọ̀ tó bá jẹ́ pé o mọ̀ pé èmi ni?"

Bàbá gbé orí sókè láti ilẹ̀. Wọ́n ní, "Kò yẹ kó yàtọ̀. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ṣì í."

Bàbá dìde, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò fi lọ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Ebi ń pa mí." Ìyàwó ọmọ Àlájà bu ẹ̀bà, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó kó ẹran sí i dáadáa. Bí Bàbá ṣe fẹ́ gbé ọwọ́ síbẹ̀ ni Àlájà fi ọwọ́ bo abọ́ náà.

"O ò ní béèrè ẹni tó pa ẹran yìí ni?"

"Pọ́ọ̀lù ní tí wọ́n bá gbé e síwájú mi, kí n jẹ, kí n má béèrè. Mo ti mọ ibẹ̀ láti kékeré. Ẹsẹ tó wà ṣáájú rẹ̀ tó bá ìbínú mi mu ni mo kà lọ́jọ́ yẹn, mo sì pa ìwé dé."

Àlájà gbé ọwọ́ kúrò. Bàbá jẹ ẹran mẹ́ta, wọ́n fọ egungun ẹ̀kẹrin. Nígbà tí wọ́n jẹun tán ni Àlájà wá bú sẹ́kún, Bàbá sì gbé àga súnmọ́ ti Àlájà, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn mú. Èmi àti ìyàwó ilé bọ́ sí ìta.

Nínú ìwé ìròyìn oṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà. Wọ́n ní ìdáhùn àwọn lórí ẹran Iléyá kò tọ̀nà, ọjọ́ tó dé gan-an ni àwọn kọ ọ́, inú sì ń bí àwọn. Wọ́n ní ẹran tí ẹbí fi ìfẹ́ gbé wá, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbà á jẹ ẹ́, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó má sì dájọ́ ẹni tí kò jẹ. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni àwọn ṣẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó ìwé ìròyìn fẹ́ yọ ìyẹn kúrò, ó ní kò yẹ ipò wọn. Bàbá ní tí ó bá yọ ọ́, kó yọ ojú ewé náà pẹ̀lú. Àwọn kan kọ̀wé ìbínú lóòótọ́. Bàbá fi ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú Bíbélì, wọ́n dá wọn lóhùn lẹ́yìn ọjọ́ méje.

Wọ́n tún lọ bẹ Bàbá Onídùùrù, torí wọ́n fura sí i láìtọ́. Bàbá Onídùùrù ní, "Èmi? Kí n béèrè ẹran Iléyá lọ́wọ́ ẹ? Àwọn ará ẹ̀yìnkùlé mi ń fún mi ní tèmi látọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣé o fẹ́ kí n lọ di tèmi lọ́nà ni?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín dé ibi pé wọ́n ń wúkọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ń jà lórí orin.

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Ọlọ́run fi kún un fún wọn. Abọ́ Iléyá ń wá, abọ́ Kérésì ń lọ, Àlájà sì ń pe Àkànní láti ẹnu géètì kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Bàbá kú lọ́dún yìí, lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, lórí ibùsùn wọn, àìsàn wọn ò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mo sunkún, mi ò ní parọ́, àmọ́ n kò rí ohun tí mo lè fi bínú sí ikú wọn. Wọ́n jẹ ayé yó.

Ìjọ ti wá ní kí èmi gba ojú ewé náà. Nígbà tí mo lọ sọ ọ́ fún Àlájà, wọ́n súre fún mi, wọ́n wá ní àwọn ní ìbéèrè kan. Mo ní kí n mú bírò? Wọ́n ní rárá, kí n gbọ́ ọ lásán.

"Níbi tí Àkànní lọ yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí èmi náà wọlé wá kí i?"

Mo wo ojú wọn. Mo ti ka Bíbélì, mo ti kàwé gboyè, mo sì mọ ohun tí àwọn kan nínú ìjọ wa máa fẹ́ kí n sọ. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá Àlájà."

Wọ́n fi ọwọ́ pa mí lórí. "Kò burú. Tí mo bá débẹ̀, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá pè é jáde, màá bi í fúnra mi. Mi ò tún ní rán ẹ mọ́."